Wáyà Méjì Inú Ẹ̀rọ Bàbá Rúùtù

Èmi ni mo pe Jòhánù lórí fóònù. Kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí ní Òmù-Àrán níbí, tí o kò bá tètè sọ tìrẹ, àwọn ẹlòmíràn á bá ọ sọ ọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i. Ọkọ mi ló ní kí n pè é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìka tèmi ló tẹ nọ́ńbà, ẹnu tèmi ló sì sọ pé, "Jòhánù, ọ̀gá rẹ ní kí o wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o wá kó gbogbo irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù." Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Inú bí mi sí ọkọ mi, inú bí mi sí àìsàn, inú tún bí mi sí Jòhánù, ẹni tí kò ṣe ju pé ó ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Helen ni orúkọ mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí mo kọ́ sì lè bá yín sọ ọ́ pé mi ò ní sùúrù rárá. Ọkọ mi, Ọláyíwọlá Bámigbóyè, ló kó gbogbo sùúrù ilé wa dání. Wẹ́dà ni, iná ló fi ń jó irin pọ̀. Géètì ilé ìjọsìn wa, òun ló ṣe é. Àwọn àga kíláàsì tí mo fi kọ́ ọmọ, òun ló jó ẹsẹ̀ wọn. Irin gíga tí wọ́n gbé táńkì omi lé ní Ìgbàjà, òun àti Jòhánù ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gun òkè rẹ̀ lọ jó o, mo dúró nísàlẹ̀, mo ń pariwo mọ́ àwọn méjèèjì bíi pé ariwo mi ló gbé wọn dúró.

Ní ọdún 2012 ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọlọ́run ṣàánú wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò padà. Ó lè fi di ṣíbí mú, àmọ́ kí ṣíbí tó dé ẹnu, ọbẹ̀ á ti dà sí i láyà. Nígbà tó pé oṣù méje, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó tan ẹ̀rọ ìjórin àtijọ́ rẹ̀, ó fẹ́ dán ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ yẹn, rọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń lò ó, ọ̀pá tín-ín-rín tí iná ń yọ́ sójú irin. Bí rọ́ọ̀dù bá ṣe ń jó ló ń kúrú, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé e. Tó bá jìnnà jù, iná á kú, tó bá sún mọ́ jù, á lẹ̀ mọ́ irin. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè ṣe é. Ó fi ọ̀tún ṣe é, ó lẹ̀. Ó fi òsì ṣe é, ó lẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó wọlé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Rúùtù," ó ní, "ó ti tán. Pe Jòhánù fún mi."

Ẹ má rò pé kí wọ́n kó irinṣẹ́ lọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Ògúntúndé ni ọkọ mi ti kọ́ṣẹ́, òfin kan sì wà lọ́dọ̀ wọn: ọjọ́ tí ọ̀gá bá kó òòlù rẹ̀ fún ọmọṣẹ́, ọjọ́ náà ni kò ní í fọwọ́ kan irin mọ́ títí ayé. Kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ọkọ́ tó kán wá bá a. Wọ́n á máa kí i ní "Ẹ kú ìsinmi, Bàbá." Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni ọkọ mi nígbà náà. Mo wò ó bó ṣe jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè kí i bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan péré, màá sin ín.

Rúùtù, ọmọ wa tó wà ní Èkó, ni mo ké sí lẹ́yìn Jòhánù. Mo sunkún sí i létí, èmi tí mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ rí omi lójú mi rí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fọkàn balẹ̀? Mo já fóònù mọ́ ọn lójú.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí Jòhánù ń bọ̀, àwọn ará ìlú wa tó ń ti Èkó bọ̀ wá síbi òkú gbé páálí kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Rúùtù ló fi rán wọn. Ẹ̀rọ pupa kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju àpótí aṣọ ọmọ iléèwé lọ, pẹ̀lú ìbòjú dúdú, okùn gígùn kan tí orí rẹ̀ dà bí ìbọn, àti wáyà kejì tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú. Ọkọ mi ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí róòlù wáyà tín-ín-rín kan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọmọ rẹ rà fún mi," ó ní. "Wò ó, òwú rẹ̀ nìyí."

Rúùtù fi lẹ́tà sínú páálí. Ó kọ ọ́ pé wáyà yẹn ló dípò rọ́ọ̀dù, pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í jáde láti ẹnu ìbọn, tí èèyàn bá ti fa ohun tó wà nídìí rẹ̀. Kò sí pé ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ní í ṣe ni kó dúró síbì kan kó sì máa rìn lọ jẹ́jẹ́. Mo kà á sókè fún ọkọ mi, mo tún un kà.

"Ó dáa," ó ní. "Tí mo bá lè fi jó irin méjì pọ̀ tí òòlù ò fi já wọn, Jòhánù á padà lọ́wọ́ òfo. Tí wọ́n bá já, ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀ ní Sátidé. Kí ìwọ àti ọmọ rẹ má sì tún bá mi sọ̀rọ̀ irin mọ́."

Ní Ọjọ́rú, a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Mo ní "a", nítorí ọwọ́ kan kò lè ṣe é. Èmi ni mo di róòlù mú. Ó ní, "Má jọ̀wọ́ ẹnu wáyà yẹn o, ó máa tú." Ibi tí mo ti ń sọ fún un pé mo gbọ́, pé èmi kì í ṣe ọmọ kékeré, ni mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi! Wáyà náà fò jáde, ó tú ká gbogbo ilẹ̀, ó lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ọkọ mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Oṣù méje ni mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo bú u dáadáa, inú mi sì ń dùn.

A gé èyí tó ti lọ́ kúrò, ó gé ẹnu ìyókù kó lè tọ́, ó tì í gba ihò kékeré kan kọjá, ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí, ó tún tì í sínú okùn ìbọn. Iná Nẹ́pà ọjọ́ náà ò lè tan fáànù débi tí yóò gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà a tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ ẹnu ìbọn, ó tẹ́ okùn náà gbọọrọ sílẹ̀, ó fa ìdí rẹ̀. Mo gbọ́ bí wáyà ṣe ń rìn nínú okùn, ó sì yọrí jáde lódìkejì. Ó dá ẹnu ìbọn padà, ó gé wáyà ku bí orí àtàǹpàkò. Gbogbo ohun tó ń ṣe yìí, òsì ló fi ń ṣe é. Ọ̀tún kàn ń gbé nǹkan ró lábẹ́ ni.

Ó fi fáìlì ha ìpẹtà kúrò lára irin méjì, ó fi ẹ̀mú ẹnu wáyà kejì di wọ́n mú, ó wọ ìbòjú. Ó ní kí n kọjú sí ògiri. Mo kọjú sí ògiri, mo ń gbàdúrà. Ohun tí mo gbọ́ ni pa-pa-pa, pa-pa, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Iná ń ta káàkiri, ọ̀kan tilẹ̀ jó mi ní gìgísẹ̀. Nígbà tó pa á, tí èéfín lọ, mo yíjú padà. Ibi tó jó náà wú sókè, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí inú àkàrà. Ó gbé òòlù, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Irin méjèèjì já sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó tún ṣe é. Ó yí nọ́ńbà iná sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ó ní kí wáyà yára, ó ní kó fà. Ìgbà mẹ́fà ló jó o, ìgbà mẹ́fà ló já. Lẹ́yìn ìkẹfà ó bọ́ ìbòjú, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ì bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ni, ì bá dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀rọ," ó ní. "Ọwọ́ mi ni. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Rúùtù."

Ó wọlé lọ sùn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi dá dúró sí ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo fẹ́ ta ẹ̀rọ yẹn nípàá. Mo ti gbé ẹsẹ̀ gan-an kí n tó rántí pé sálúbàtà ni mo wọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo padà lọ gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo ń ṣa àwọn irin tó já náà jọ, ojú tíṣà mi sì bọ́ sí wọn. Mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì. Mo wo àkọ́kọ́, mo wo ìkejì, mo wo gbogbo wọn títí dé ìkeje. Ìlà wọn tọ́. Ẹ gbọ́ mi, ìlà wọn tọ́ gbọọrọ! Ihò ló kún inú wọn, wọ́n wú, wọ́n burẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìlà náà ti wọ́, kò sí ibi tó ti yẹ̀. Tí ọmọ bá kọ̀wé tí ìlà rẹ̀ tọ́, tí tádàwà sì ń tàn káàkiri, ta ni yóò na ọmọ náà lọ́wọ́? Bírò rẹ̀ lẹ ó gbà wò.

Ni mo bá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà gan-an, wọ́n lẹ ìwé kan tó ní àwòrán méjì mọ́ ọn. Ọkọ mi ò wò ó, nítorí ta ló ń wo àwòrán lẹ́yìn ìlẹ̀kùn? Àwòrán kìíní ní agolo gáàsì bí èyí tí a fi ń dáná, wáyà ìbọn sì so mọ́ àmì àròpọ̀. Èkejì náà ní agolo gáàsì, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlà pupa dábùú rẹ̀ pé kò sí gáàsì; nínú ìyẹn, wáyà ìbọn so mọ́ àmì àyọkúrò, wáyà ẹlẹ́mùú tó ń di irin mú ló wá so mọ́ àmì àròpọ̀. Mo wo ara róòlù wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé wáyà tí kì í lo gáàsì ni. Mo wo inú ẹ̀rọ. Wáyà ìbọn wa wà lórí àròpọ̀, bí wọ́n ṣe kó o wá láti ilé iṣẹ́.

Mo sáré wọlé. Ọkọ mi ń mu kòkó, ó fi òsì di kọ́ọ̀bù mú.

"Bàbá Rúùtù, ẹ dìde. Wáyà méjì inú ẹ̀rọ yẹn, òdì la fi wọ́n sí."

"Wáyà wo?"

"Ti ìbọn àti ti èyí tó ń di irin mú. Ẹ gbé ti ibí sọ́hùn-ún, kí ẹ gbé tọ̀hún síbí."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ní òun rí òṣùpá nínú kànga. "Helen. Ẹ̀rọ ìjórin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi wé kọ́pà inú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń jó irin. Èyí tó bá wù mí ni mo ń gbé síbi tó bá wù mí, iná kan náà ló ń jáde. Wáyà méjèèjì ò ní ìyàtọ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà, ẹni tó bá mọṣẹ́ nìkan ló sì lè ṣe é. Gbogbo wẹ́dà ìlú wa ló ń lo irú ẹ̀rọ àfọwọ́wé yẹn, iná inú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ni, kò mọ ọ̀tún kò mọ òsì. Ti Rúùtù yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná rẹ̀ ń gbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò mọ nǹkan kan ì bá wo àwòrán, ì bá ṣe bó ṣe wí. Ọkọ mi mọ púpọ̀ jù ni.

"Mo gbọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n," mo ní. "Ṣé ẹ máa dìde, àbí kí n lọ jó irin fúnra mi?"

"Lọ jó o."

"Màá lọ o!"

Mo lọ lóòótọ́. Mo yọ pọ́lọ̀ọ̀gì kúrò lára iná, mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì kìíní, mo tú èkejì. Mo ti pààrọ̀ wáyà méjèèjì tán nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó dúró, ó ń wò mí. Ó tẹ̀ ba, ó ka ìwé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó tún un kà. Ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó fún nọ́ọ̀tì méjèèjì le sí i, ó ní, "O ò fún wọn dáadáa." Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti gbà.

A tan jẹnẹrétọ̀. Ó wọ ìbòjú, mo kọjú sí ògiri mi. Iná ò ta káàkiri mọ́. Ohùn kan náà ló ń dún lọ gbọọrọ, ṣááá, bí ìgbà tí a bá ń dín dòdò nínú òróró tó gbóná dáadáa. Ọkọ mi jó o dé òpin, ó pa á. Ó fi òòlù kékeré gbá èérún dúdú orí rẹ̀ kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ń dán, ó jókòó sínú irin méjèèjì, kò sí ihò kan ṣoṣo. Ó gbé òòlù ńlá, ó kàn án. Ó tún kàn án. Lẹ́yìn ìkẹta ó gbé òòlù sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi orí rẹ̀ tì mí nínú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo di orí náà mú. A wà bẹ́ẹ̀ títí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán tó kú fúnra rẹ̀.

Jòhánù dé ní àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó yá. Géńdé ọkùnrin ni báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìgbàjà, ó ti ní ọmọ mẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó dìde, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó wá síbi òkú. Kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀, kò wo ojú tèmi.

"Wọlé," ni ọkọ mi wí. "Mú irin méjì níbẹ̀ yẹn. Èyí tó bá wù ọ́. Fi ẹ̀mú yẹn di wọ́n mú sórí tábìlì."

Jòhánù ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Ó yan irin méjì, ó di wọ́n mú. Ọkọ mi ju ìbòjú àtijọ́ kan sí i, ó wọ tirẹ̀. Ó fi òsì di ìbọn mú, ó gbé ọ̀tún tó ń gbọ̀n sábẹ́ ọrùn ọwọ́ náà, ó jó o. Èmi kọjú sí ògiri, mi ò gbàdúrà lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni.

Nígbà tó tutù, ó ní kí Jòhánù fún un mọ́ ẹnu fáìsì orí tábìlì kó lù ú. Jòhánù kàn án jẹ́jẹ́.

"Ṣé irin lò ń lù, àbí ò ń pa ọmọ lẹ́kún?"

Jòhánù fi agbára lù ú. Ó lù ú títí irin náà fi tẹ̀ bí ìwọ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ kò là, kò sán. Jòhánù sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ ìlà náà láti orí dé ìdí, ó wo ẹ̀rọ pupa, ó wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì bìkítà pé mo wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "láti ọjọ́ tí Ìyá Ọ̀gá ti pè mí, oúnjẹ ò wọ̀ mí nínú. Ìyàwó mi ní kí n má wá. Mo ní ọ̀gá ló pè mí, mi ò lè ṣe kí n má lọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Irú ẹ̀rọ yìí ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ní Ìgbàjà. Títí dé Ṣàrẹ́, mi ò tíì rí i. Ọjọ́ wo ni mo lè wá kọ́ ọ?"

"Mọ́ńdè," ni ọkọ mi wí. "Má pẹ́ dé o. O máa ń pẹ́ dé."

Ó tú irin náà kúrò nínú fáìsì, ó nà án sí Jòhánù kó mú un lọ sílé. Òsì ló fi nà án. Kò sí bí yóò ṣe fi ọ̀tún gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi àti òun rí i lẹ́ẹ̀kan náà, pé òsì ni, ó sì jẹ́ ẹni tí kò fi òsì fún ọmọdé ní nǹkan rí láyé rẹ̀. Ojú tì í, ó fẹ́ fa ọwọ́ náà padà.

Jòhánù ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àyà rẹ̀ nínú eérú irin. Ibẹ̀ ló wà tó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì gbà á.